Ẹ̀rọ Tó Ń Wúkọ́

Èmi ni mò ń tọ́jú téèpù ní ilé ìwòsàn wa. Orí téèpù la ń da ìwé àwọn aláìsàn sí, kó má baà ṣègbé bí kọ̀ǹpútà bá daṣẹ́ sílẹ̀. Ọkọ mi ló ń ṣe é kó tó kàn mí. Bàbá Téèpù ni wọ́n ń pè é. Ó ti pé ọdún kan tó kú.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kọ̀ǹpútà daṣẹ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí dókítà fi wọlé.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, a fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọbìnrin kan lọ́sàn-án yìí. Abẹ́rẹ́ oorun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ìyá ẹ̀ ò sì rántí orúkọ abẹ́rẹ́ náà."

"Ṣé kò lè dúró dọ̀la ni?"

"Kò lè dúró, mà."

Mo fa téèpù ọdún yẹn yọ. Ọkọ mi kọ "Ó DÁA" sí i lára gàdàgbà. Mo fi í sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ní kò ṣeé kà. Mo nu ojú tí ẹ̀rọ fi ń kàwé, mo tún fi í sí i. Kò ṣeé kà. Mo fi téèpù oṣù tó kọjá dán an wò, ó kà á geere. Mo fi mẹ́ta mìíràn lára ti ọkọ mi dán an wò, kò ka ọ̀kankan.

Alágídí ọkùnrin yẹn! Ẹ̀rọ àtijọ́ kan ló lò títí ó fi kú; òun ló fi ń kọ téèpù, òun náà ló sì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú ẹ̀rọ rẹ̀ ti wọ́: ó ń kọ ọ́ ní wíwọ́, ó ń kà á ní wíwọ́, gbogbo rẹ̀ sì ń dáa. Mo bínú sí i bí ẹni pé ó wà níwájú mi.

Ẹ̀rọ àtijọ́ náà nìkan ló lè kà wọ́n, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló sì wà. Èmi ni mo tì í mọ́bẹ̀ lọ́sẹ̀ tí a sin ọkọ mi, torí kó tó yí, ó máa ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, gẹ́lẹ́ bí ọkọ mi ti máa ń ṣe kó tó sọ̀rọ̀. Mi ò lè gbọ́ ọ kí n má sunkún.

Mo gbé e jáde, mo so ó mọ́ iná, mo fi téèpù ọmọ náà sẹ́nu rẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Dókítà bojú wẹ̀yìn.

"Ta ló wọlé?"

"Kò sẹ́nì kankan."

Orúkọ ọmọ náà jáde, orúkọ abẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e. Dókítà dà á kọ, ó sáré jáde, kò tiẹ̀ rántí dúpẹ́.

Ó yẹ kí n pa ẹ̀rọ náà. Ojú ẹ̀rọ tó ti gbó tó bẹ́ẹ̀, gbogbo ìgbà tó bá kàwé ló ń jẹ sí i, bẹ́ẹ̀ igba téèpù ló kù tí ẹ̀rọ mìíràn ò lè kà. Mo mọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi mọ́. Mo fa téèpù mìíràn yọ, mo fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, mo sì jókòó tì í, mò ń retí kó wúkọ́.