Ẹ̀yìn Mi Ò Kanlẹ̀ Rí

Igba ìjà ni mo jà láàárín ogún ọdún, ẹ̀yìn mi ò sì kanlẹ̀ rí. Kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ̀kan kúrò níbẹ̀ fún mi o. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé kò pé igba, pé ti ọjọ́ tí iná lọ ò yẹ kó wọ̀ ọ́. Lóòótọ́ iná lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí iná dé, ta ni wọ́n bá lórí ẹnìkejì ẹ̀? Èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ míì.

Kòṣeégbé ni wọ́n ń pè mí lójú ìjà. Kò sẹ́ni tó ń pè mí ní nǹkan míì mọ́, àní ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún mi pàápàá. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù láyé tó ń pè mí lórúkọ tí ìyá mi sọ mí, ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo sì lọ kan ilẹ̀kùn ilé ẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tá ò ti ríra. Ohun tí mo bá lọ ò pọ̀. Mo fẹ́ kó jẹ́ kí n wọlé ni. Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, ó yẹ kẹ́ ẹ mọ irú iṣẹ́ tá a ṣe, torí bẹ́ ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ó kàn máa bú mi lásán, mo sì ti gbọ́ èébú tó tó mi.

Ìjàkadì tiwa, ìjà tá a ti tò sílẹ̀ ni. Ọ̀gá wa, ọkùnrin kúkurú kan tí kì í ṣí fìlà, ló máa ń sọ ẹni tó máa borí àti ẹni tó máa fẹ̀yìn lélẹ̀, kí èrò tó wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní irọ́ fún mi o! Ẹ gun orí àga, kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn bẹ́ sórí pákó, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi bóyá irọ́ ni. Ohun tó kàn wà níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó ń dá gbé ẹnìkejì ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé ló máa ń fò, ẹni tó ń gbé e á wá ṣe bí ẹni pé agbára òun ni. Àṣírí iṣẹ́ wa nìyẹn, a kì í sì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìyàwó, ìbáà ṣe ọmọ. Ẹni tó bá tú u, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀nà méjì la pín sí: Ọmọlúàbí àti Ìpáǹle. Ọmọlúàbí kì í bá Ìpáǹle jẹun níta, wọn kì í wọ bọ́ọ̀sì kan náà, bí wọ́n bá pàdé nílé epo, ṣe ni wọ́n máa ń lejú síra wọn, kí èrò lè gbà pé ọ̀tá ni wọ́n. Ọmọlúàbí ni mí. Ìpáǹle ni Ológìnní, ọ̀rẹ́ mi, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lè fo okùn tó yí ojú ìjà ká kọjá kó sì balẹ̀ láìdún. Òun ni mo dá jù nínú igba yẹn. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni mo dá a, a ò sì jókòó sídìí tábìlì kan náà rí. Orí fóònù la ti ń ṣọ̀rẹ́. Tá a bá jọ wà ní hòtẹ́ẹ̀lì kan, á pè mí láti yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, màá máa fi etí kan gbọ́ ohùn ẹ̀ nínú fóònù, màá máa fi etí kejì gbọ́ ọ lára ògiri.

Nígbà tí ìjà tí mo borí kọjá ọgọ́ta, Ọ̀gá ní ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ ò kanlẹ̀ rí ò gbọ́dọ̀ máa wà láàárín èrò. Ó fún mi ní mọ́tò tèmi. Ó fún mi ní yàrá tèmi tí mo ti ń múra, pẹ̀lú dígí kan, àga kan, àti ìṣó kan tí mò ń fi ẹ̀wù kọ́. Àwọn èèyàn rò pé ọlá ni. Ọlá kẹ̀! Mo máa ń gbọ́ táwọn yòókù bá ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ní yàrá kejì, tí ọ̀kan á ní òórùn ìbọ̀sẹ̀ ẹnìkejì òun nìkan ti tó láti dá odindi abúlé. Tí mo bá sì yọjú, gbogbo wọn á dákẹ́ wẹ́lo, wọ́n á ní, “Ẹ káàbọ̀, sà.” Mo dá wà débi pé mo máa ń kí ara mi nínú dígí.

Táwọn oníròyìn bá bi mí pé ìjà wo ló dùn jù, wọ́n máa ń rò pé màá sọ ti pápá ìṣeré ńlá nì, tí èrò ń wọ́ bí omi. Rárá o. Èyí tó pé ọgọ́rin ni, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan tí wọ́n fi páànù bo òkè ẹ̀. Òjò ọ̀sán ọjọ́ yẹn ò jẹ́ kí èèyàn jáde, àwọn tó wá ò ju mọ́kàndínlógún lọ. Bí òjò ṣe ń lu páànù, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tá à ń sọ láàárín okùn. Ọ̀rọ̀ tá a máa ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ abíyá ara wa, a wá ń sọ ọ́ jáde bí ẹni tó jókòó sí pálọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló yẹ ká lò, ogójì la lò, ó sú rẹfirí tán. Mo há orí ẹ̀ sábẹ́ apá mi, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa, ó wá ní:

“Ìyàwó mi ti lóyún o.”

“Irọ́ lo ń pa!”

“Oṣù kẹta rèé. Rọra, o ti ń fún mi lọ́rùn jù.”

“Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ lórí fóònù?”

“Mo fẹ́ rí ojú ẹ tí mo bá sọ ọ́.”

Ẹ wò ó, Kòṣeégbé ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú ìjà. Mo lejú, mo ń bú ramúramù, omi ń dà lójú mi pòròpòrò, àwọn mọ́kàndínlógún yẹn sì rò pé òógùn ni. Ó fò, mo gbé e, ó balẹ̀, rẹfirí ka ẹẹ́ta. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn ju ọjọ́ tí wọ́n fi bẹ́líìtì wúrà sí mi nídìí lọ.

Èyí tó burú jù ni èyí tó pé ogóje. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá.

Ọ̀gá ti ṣèlérí fún Ológìnní pé òun ló máa dá mi lọ́jọ́ yẹn. Oṣù mẹ́ta gbáko la fi múra ẹ̀ lórí fóònù, bó ṣe máa fò, bí mo ṣe máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Mo sọ fún un pé inú mi dùn sí i. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀, kí n má parọ́ fún yín. Ọmọ ẹ̀ obìnrin ti pé ọdún márùn-ún nígbà náà. Ó ra aṣọ tuntun fún un, ó mú un wá wòran fún ìgbà àkọ́kọ́, ó fi í jókòó síwájú pátápátá kó lè rí bàbá ẹ̀ nígbà tó bá borí. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ọ̀gá yọjú sí yàrá mi. Ó ní àwọn tó ń gbé wa sórí tẹlifíṣọ̀n fẹ́ kí n máa borí lọ, pé òun ti yí i padà. Ó wá ń wò mí. Ká ní mo sọ pé rárá ni, ì bá gbọ́, torí orí mi ni gbogbo wọn ti ń jẹun. Mo ní, “Ó dáa, Ọ̀gá.” Ó dáa! Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin èèyàn mi, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Nígbà tá a wọ àárín okùn, Ológìnní dì mọ́ mi lọ́rùn, ó ń bẹ̀ mí létí pé, “Dùbúlẹ̀ fún mi. Ọmọ mi wà níwájú. Jọ̀ọ́, dùbúlẹ̀.” Kò sẹ́ni tó lè fipá mú mi borí níbẹ̀. Ọ̀gá ò lè fo okùn wọlé wá gbé mi dìde. Mo lè dùbúlẹ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, kó tán síbẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Mo nawọ́ mú un láti gbé e. Inú ń bí i, kò fò. Ó yẹ kí n fi í sílẹ̀, àmọ́ agídí dé sí mi, mo fi agbára ara mi gbé e, ó yí lọ́wọ́ mi, ó sì fi ọrùn balẹ̀.

Àmì kan wà nínú iṣẹ́ wa. Ẹni tó bá fara pa ní tòótọ́ kì í pariwo, torí gbogbo wa la máa ń pariwo. Ọwọ́ ẹnìkejì ẹ̀ ló máa fún. Tó bá ti fún un, ìjà parí, ìbáà ṣe ojú ọba la ti ń jà. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú. Ó ń ké pé, “Ọrùn mi! Ọrùn mi o!” Bó ṣe máa ń ké nìyẹn nígbàkigbà tá a bá jọ jà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ké bíi tiẹ̀. Mo dúró de ọwọ́ ẹ̀. Kò fún mi lọ́wọ́. Mo ní áà, kò sóhun tó ṣe é, ìbínú lásán ni. Mo wá fi gbogbo ara mi lé e lórí títí rẹfirí fi ka ẹẹ́ta, mo dìde, mo nawọ́ sókè, ariwo ta. Ìgbà tí wọ́n gbé e kọjá lára mi ni mo tó mọ̀ pé ọwọ́ yẹn ò lè fún nǹkan kan mọ́. Ó ń fẹnu pè mí torí ọwọ́ ẹ̀ ti kú. Ọmọ yẹn sì jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ tuntun, kò sunkún, ó kàn ń wò mí.

Ọ̀gá ní mi ò gbọ́dọ̀ yọjú sí ọsibítù. Ó ní, “Ọ̀tá ẹ ni lójú ayé. Tí wọ́n bá rí ẹ níbẹ̀, àṣírí tú, ogójì èèyàn á pàdánù iṣẹ́.” Mo gbọ́ tiẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, mo gbọ́ tiẹ̀, ẹ máa bú mi lọ. Mo pe fóònù, ìyàwó ẹ̀ ló gbé e, ó ní, “Ẹ ti ṣe é tán. Ẹ fi wá sílẹ̀ jọ̀ọ́.” Nígbà tí mo tún pè, nọ́ńbà náà ò lọ mọ́. Mo ja ọgọ́ta ìjà sí i, mo borí gbogbo ẹ̀, ẹ ní kí n sọ ọ̀kan tí mo rántí níbẹ̀, mi ò lè sọ ọ́. Nígbà tí Ọ̀gá ti ilé iṣẹ́ pa lọ́dún yìí, mo ní kò kúkú sí iṣẹ́ tó fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Mo bi ẹni tí mo mọ̀ léèrè, mo rí àdírẹ́sì, mo lọ.

Yàrá ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Mo kan ilẹ̀kùn. Ọmọ náà ló ṣí i, ó ti pé ọdún mọ́kànlá, aṣọ iléèwé ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Ó wò mí láti bàtà lọ sókè, ó sì pẹ́ díẹ̀ kó tó débi orí mi.

“Ẹ káàsán, sà.” Lẹ́yìn náà lojú ẹ̀ yí padà. “Ẹ̀yin ni.”

“Èmi ni. Ṣé bàbá ẹ wà nílé?”

“Ibo ni wọ́n fẹ́ lọ?”

Mo gbójú sókè wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ilẹ̀kùn kan wà ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ṣí díẹ̀, mo rí táyà kẹ̀kẹ́ arọ kan níbẹ̀. Táyà náà yí díẹ̀, ó dúró. Ọ̀rẹ́ mi ń gbọ́ wa.

“Mo ní ìbéèrè kan,” ọmọ náà wí. “Àwọn ọmọ kíláàsì mi ní irọ́ ni gbogbo ìjà yẹn. Wọ́n ní ẹ ti máa ń sọ ẹni tó máa borí kẹ́ ẹ tó wọlé, pé ṣe ni wọ́n ń sanwó fún bàbá mi kí wọ́n máa ṣubú. Bàbá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé díẹ̀ ló kù káwọn dá yín lọ́jọ́ yẹn. Ta ló ń parọ́?”

Ìdáhùn wà lẹ́nu mi. Mo lè sọ pé òótọ́ ni, ọmọ mi, ọ̀rẹ́ ni èmi àti bàbá ẹ, kí wọ́n tó bí ẹ ni mo ti ń sunkún ayọ̀ lórí ẹ. Á jẹ́ kí n wọlé. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yẹn sínú níwájú dígí. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ọkùnrin tó wà lórí kẹ̀kẹ́ yẹn á di ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kó ṣubú, tó wá ṣubú tí ò lè dìde mọ́. Mo wo táyà náà. Mo retí kó sọ̀rọ̀. Kó ṣáà ti ní, “Jẹ́ kó wọlé.” Kò sọ nǹkan kan.

“Bàbá ẹ ò parọ́,” mo ní. “Kò sẹ́ni tó sọ ẹni tó máa borí. Òun ló ń borí lọ́jọ́ yẹn. Agbára mi ti tán pátápátá, ó ti fẹ́ dá mi, mo wá ṣe èrú. Rẹfirí ò rí mi ni.”

“Ẹ ṣe èrú?”

“Mo ṣe èrú.”

“Pẹ̀lú gbogbo bẹ́ ẹ ṣe tóbi tó yìí?”

“Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀.”

“Ẹ má wá síbí mọ́,” ó ní.

Ìgbà náà ni ohùn kan wá láti inú yàrá, ohùn tí mi ò gbọ́ fún ọdún mẹ́fà, ó ti fẹ́lẹ́ díẹ̀. “Ìyá mi, ti ilẹ̀kùn. Atẹ́gùn ń wọlé.”

Ó ti ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ń sáré lọ sínú, tó ń pariwo pé, “Bàbá mi, ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó ti jẹ́wọ́! Ẹ̀yin lẹ borí! Ẹ̀yin lẹ borí!”

“Ṣebí mo ti sọ fún ẹ,” ọ̀rẹ́ mi wí, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Mo gbé etí lé ilẹ̀kùn, mo ń gbọ́ bó ṣe ń rín in. Mo dúró síbẹ̀ títí ẹ̀rín náà fi tán. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn, mo bá lọ.