Fáìlì Tí Wọ́n Ní Ṣàíbù Sọ Nù

Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o kò ní gbàgbé. Ọdún mẹ́fà gbáko ni Kùdírátù fi kó o.

Bàbá rẹ̀, Ṣàíbù, ló ń tọ́jú fáìlì ní ilé-iṣẹ́ aláṣọ kan ní Yaba fún ọdún méjìlélógún. Ní 1983 wọ́n lé e, wọ́n ní ó sọ fáìlì máníjà, Ọ̀gbẹ́ni Adéríbigbé, nù. Irọ́ ni. Adéríbigbé fúnra rẹ̀ ló gbé fáìlì náà lọ, ó gba ìwé ìbúra ọjọ́ orí ní kóòtù, wọ́n ṣí fáìlì tuntun fún un, ó sì fi ọdún mẹ́jọ kéré sí i lọ́sàn-án gangan, kó má baà tètè fẹ̀yìn tì. Ṣàíbù ń ké pé ọkùnrin náà buwọ́ lùwé kó tó gbé e, pé ìwé ọ̀hún wà nínú yàrá fáìlì. Wọn ò jẹ́ kó wọlé lọ mú un. Ní Mushin, wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Sọfáìlìnù. Ìtìjú kò jẹ́ kó lọ sí mọ́ṣáláṣí mọ́, inú yàrá ló ti ń kírun.

Orúkọ ọkọ ni Kùdírátù fi wọ ilé-iṣẹ́ yẹn ní 1987. Fáìlì ń sọnù, ikán ń jẹ ìyókù, wọ́n ní kó bá àwọn tún yàrá náà tò. Adéríbigbé pàṣẹ pé kó sun gbogbo ìwé àtijọ́. Kùdírátù rọra sọ fún olùdarí pé ìwé tí ẹnikẹ́ni ò tíì kà, a kì í sun ún. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Olùdarí gbà.

Ó fún fáìlì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Ẹni tó bá mú ọ̀kan, káàdì tó buwọ́ lù ni yóò dúró sí àyè rẹ̀, ọ̀gá ni o, mẹ́sẹ́ńjà ni o. Fáìlì òṣìṣẹ́ kì í sì í jáde láìjẹ́ pé wọ́n fi okùn dì í, kí ẹnikẹ́ni má baà tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà. Adéríbigbé yìn ín nípàdé. Àràárọ̀ ni Kùdírátù ń kúnlẹ̀ kí i.

Lóṣù karùn-ún tó débẹ̀, ó rí ìdì ìwé kan lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni bàbá rẹ̀ máa ń gé fún àwọn tó bá gba fáìlì láti buwọ́ lù. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́ ọ̀hún. Ti Adéríbigbé wà níbẹ̀, tòun ti déètì. Nísàlẹ̀ ìdì náà, ó tún rí ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí ọkùnrin náà fi wáṣẹ́: 1929 ni wọ́n bí i.

Kùdírátù ìbá gbé e lọ bá olùdarí lọ́jọ́ yẹn. Kò gbé e. Ó fẹ́ kí Adéríbigbé fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e.

Ní 1989, ọkùnrin náà ń du ipò ọ̀gá àgbà, àwọn olùdarí sì béèrè fáìlì rẹ̀. Ó wá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó buwọ́ lu káàdì. Kùdírátù ti to ìwé méjèèjì sókè pátápátá nínú fáìlì náà, ó ti fi okùn dì í. Adéríbigbé gbá ẹjọ́ ara rẹ̀ mọ́ àyà, ó gun àtẹ̀gùn. Ó dùn mọ́ Kùdírátù ju oúnjẹ ọdún lọ.

Lókè, wọ́n ka fọ́ọ̀mù, wọ́n ní kí wọ́n gbé káàdì wá, wọ́n fi ìbuwọ́lù rẹ̀ wé ti ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà. Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ní kó máa lọ.

Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá fáìlì. "Níbo lo ti rí ìwé yẹn?"

"Ibi tí bàbá mi fi í sí ni, sà."

"Ta ni bàbá ẹ?"

Kùdírátù kúnlẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. "Ṣàíbù ni, sà."

Adéríbigbé di etí tábìlì mú, ó ń wá ibi tí yóò jókòó sí. Kùdírátù dìde, ó jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀.