Aṣọ tí Adédùntán Gé

Ní Kàbà láyé ìgbà náà, obìnrin ló ń hun aṣọ, ọkùnrin ló ń rán an. Kò sí ọba tó fi í lélẹ̀, kò sì sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú Bíbélì. Bí wọ́n ṣe bá a nìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé ni òfì máa ń wà, níbi tí àwọn ìyàwó ilé ti ń hunṣọ lẹ́yìn iṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ìdáná. Ìta gbangba lẹ́bàá ọjà ni ẹ̀rọ ìránṣọ máa ń wà, níbi tí àwọn télọ̀ ti ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n sì ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá. Adédùntán ọmọ Oyèbánjí ni obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n rí tó fi ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀ tó lọ sí ìta gbangba.

Kì í ṣe pé ó kórìíra òfì. Sárà ìyá rẹ̀, tí gbogbo ọmọ inú ilé ń pè ní Ìyé, wà lára àwọn tó mọ aṣọ hun jù ní àdúgbò wọn, ó sì ti gbìyànjú láti fi iṣẹ́ náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi Adédùntán sídìí òfì, tí ó yára lọ pọnmi, kó tó dé, ọmọ náà á ti dìde, á ti na ara mọ́ aṣọ tí kò tíì hun dé ìdajì, á máa fi ìka wọn ibi tí yóò balẹ̀ sí lára òun.

"Aṣọ tí kò tíì kúrò lórí igi lo fẹ́ wọ̀!" Ìyé á pariwo, á sì bú sẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni Adédùntán rí láti kékeré. Aṣọ súkúù rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ gba ìbàdí rẹ̀ wọlé. Gèlè rẹ̀, apá òsì ló máa ń yẹ̀ ẹ́ sí. Kò pẹ́ tí àwọn ọmọge tí wọ́n jọ ń lọ sódò náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ tiwọn, débi pé ìyá kan wá bá Sárà nílé, ó ní kó bá òun bi ọmọ rẹ̀ léèrè ohun tó fà á tí orí gbogbo ọmọ àdúgbò fi wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ọdún tí Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà, Adédùntán ti kúrò ní súkúù, ó sì ti tó ẹni tí wọ́n ń wá ọkọ fún. Ìgbà náà ló kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ tó ń jẹ iyán, tó ní iṣẹ́ télọ̀ ló wu òun kọ́.

Oyèbánjí kì í yára sọ̀rọ̀. Ó jẹ òkèlè mélòó kan sí i. "Ọkọ́ ni mo mọ̀," ló wí níkẹyìn, "èmi ò mọ abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ká ní ọmọkùnrin mi ló sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, ǹjẹ́ mo máa bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì?" Ó ṣan ọwọ́, ó wọ bùbá rẹ̀, wọ́n sì jọ lọ bá Thomas.

Thomas yìí, ìlú Jọ́ọ̀s ló ti kọ́ṣẹ́, kò sì sí télọ̀ tó lórúkọ tó o ní gbogbo Kàbà. Nígbà tó gbọ́ ohun tí wọ́n bá wá, ó yọ abẹ́rẹ́ tó fi eyín dì mú.

"Oyèbánjí," ó ní, "wọ́n ní ẹ̀rọ yìí máa ń ba ilé-ọmọ obìnrin jẹ́ o. Fífi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ yẹn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwa télọ̀ náà ni."

"Àwọn tó ń gún iyán tí ẹ̀yin télọ̀ ń jẹ ńkọ́? Ilé-ọmọ tiwọn kò bàjẹ́?"

Thomas rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Báyìí ni Adédùntán ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó kọ́kọ́ ń gbálẹ̀, ó ń kó èédú sínú áyọ́ọ̀nù, ó ń rán bọ́tìnnì. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin ìlú rí ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò rò tẹ́lẹ̀. Kò sí èyí tó fẹ́ kí ọkùnrin máa fi téèpù yí òun láyà ká nínú wọn. Nítorí náà, òkèèrè ni Thomas ti máa ń fi ojú wọn aṣọ wọn, bùbá rẹ̀ sì máa ń rí bí àpò àgbàdo lọ́rùn wọn. Nígbà tí téèpù bọ́ sọ́wọ́ Adédùntán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá, ìyá àti ọmọ, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí.

"Àṣé kì í ṣe aṣọ rírán ni wọn kò fẹ́," Thomas sọ lọ́jọ́ kan, "ọwọ́ mi ni wọn kò fẹ́."

Ibẹ̀ náà ni Isaiah Ìbítóyè ti rí i. Ọmọ Ìsánlú ni, tíṣà ni ní súkúù kan ní Kàbà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní tí ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó gbé ṣòkòtò wá kí wọ́n ká ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún gbé òmíràn wá. Nígbà tó gbé ẹ̀kẹta dé, Thomas yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Tíṣà, ṣòkòtò yìí kò ya."

"Ó fẹ́ ya ni," Isaiah dáhùn, kò sì gbójú kúrò lára Adédùntán.

Àwọn òbí ìhà méjèèjì gbọ́ pé àwọn ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ ara wọn, inú wọn dùn, wọ́n sì mú ọjọ́ Ìsinmi kan tí ìdílé méjèèjì yóò jọ jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì láti dúpẹ́. Ìyé wá gbé òwú sórí òfì. Òwú tó fúnra rẹ̀ ran ni, ó rẹ ẹ́ sínú aró títí ó fi dúdú bí ọ̀run òru, ó sì fi òwú pupa ṣe ọnà sí i. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ló fi jókòó tì í. Nígbà tó ká a kúrò, ó gbé e lé itan ọmọ rẹ̀.

"Máa ró o," ó ní. "Bí o bá darúgbó, kí ọmọ rẹ gbà á ró."

Adédùntán dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin nítorí ayọ̀, ìyá rẹ̀ sì fi ẹsẹ̀ tì í kó dìde. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí ọmọbìnrin yìí ti ń rí gáùn kan lójú inú. Gáùn náà á mú ìbàdí, á wá tú yẹ́ẹ́ láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, kò ní sí ìró tí ènìyàn á máa tún so lójú ọ̀nà, á sì ní àpò lọ́tùn-ún lósì. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun tọrọ ààyè. Ó mọ ohun tí Ìyé yóò sọ pẹ̀lú. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì Thomas, ó fi ọwọ́ pa á lára, ó mí kanlẹ̀, ó sì ki àlùmọ́gàjí bọ̀ ọ́.

Àkókò kan náà ni Ìyé gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ara aṣọ náà wà káàkiri orí tábìlì bí ẹran tí wọ́n kun.

"Dùntán, kí lo gé?"

"Ìyé, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n rán an tán kí ẹ tó bínú."

"Mo jókòó tì í bí ọmọ," Ìyé wí, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè rárá. "O gbé ọmọ mi sórí tábìlì, o fi irin gé e."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa èérún kan nílẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀, ó gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀, ó sì lọ.

Kò bú u, kò sì nà án. Ohun tó ṣe burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń bọ̀wọ̀ fún un. Bí ó bá di àárọ̀, á ní, "Okun o," bí ẹni ń kí àlejò. Á bo oúnjẹ rẹ̀, á gbé e sí ọ̀tọ̀, á bi í bóyá iyọ̀ tó. Adédùntán kò mọ̀ pé ọ̀wọ̀ lè ta ènìyàn bí ata. Síbẹ̀ kò dá iṣẹ́ náà dúró.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ó wọ gáùn náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aró yẹn ń dán, ọnà pupa bọ́ sí èjìká àti etí ìsàlẹ̀, gèlè rẹ̀ sì yẹ̀ sápá òsì bíi ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tó ń rìn lọ síwájú, àwọn ọmọge gbàgbé orin tí wọ́n ń kọ. Nígbà tí ìsìn parí, wọ́n yí i ká, wọ́n ń fọwọ́ kan aṣọ náà. Kò sì rò ó rárá tó fi ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.

Bàbá Gbádéyan, olórí àwọn àgbà ìjọ, rí i. "Ọmọ Oyèbánjí," ó pè é lójú gbogbo ènìyàn, "ọkùnrin ló ń ki ọwọ́ bọ àpò. Bí obìnrin bá ki tirẹ̀ bọ àpò, ta ni yóò gba ẹrù lórí ọkọ rẹ̀?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn ará Ìsánlú ń wolẹ̀.

Isaiah sin ín lọ sílé.

"Aṣọ náà dára. Ṣùgbọ́n o sọ mí di ìran àpéwò."

"Èmi ni wọ́n ń wò, Tíṣà. Wọn kò wò yín."

"Kí lo tilẹ̀ fẹ́ kó sínú àpò?"

"Ọwọ́ mi."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó tún gbé e mì. "Bí a bá ṣègbéyàwó, o máa fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ìyàwó tíṣà kì í jókòó sẹ́bàá ọjà."

Adédùntán dúró. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kà á fún mi nínú ìwé ìròyìn pé àwọn obìnrin ń dìbò ní Ìbàdàn. Àwa tí ìjọba Àríwá ní Kàdúná ń ṣàkóso, wọ́n ní ìbò kò tíì tọ́ sí wa. Ó dáa. Àpò náà kò tọ́ sí wa? Ẹ̀rọ náà kò tọ́ sí wa? Èwo gan-an ló wá tọ́ sí wa?"

Ní ọjọ́ kejì, Isaiah wọ lọ́rì lọ lo ìsinmi súkúù ní Ìsánlú, kò sì yà sí ṣọ́ọ̀bù kó tó lọ. Adédùntán ń ránṣọ, omijé ń bọ́ sórí aṣọ oníaṣọ. Thomas gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún un ní ọsàn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Gbádéyan wá kí Oyèbánjí nílé. Ó jókòó, ó gba obì, ó sì sọ ohun tó bá wá: kí wọ́n yọ ọmọ náà kúrò láàárín àwọn télọ̀, kí wọ́n sì tú gáùn náà kó padà di ìró. Oyèbánjí ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi dáhùn nígbà tí Ìyé jáde láti ẹ̀yìnkùlé, òwú lọ́wọ́.

"Ẹ okun o, Bàbá," ó ní, ó sì kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀wọ́, ta ló hun aṣọ yẹn?"

"Ìwọ ni."

"Ta ló rán an?"

"Ọmọ rẹ ni."

"Ẹ ṣeun. Èmi pẹ̀lú ọmọ mi ń jà lórí ẹ̀, ìjà ìyá àti ọmọ ni, a ò tíì ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní kí wọ́n tú aṣọ yẹn, òfì mi ló ń bú. Àti pé," ó rẹ ohùn sílẹ̀, "ìyàwó yín wá bá mi lánàá. Ó ní kí n bá òun bẹ Dùntán kó rán irú ẹ̀ fún òun. Ó ní kí n má sọ fún yín."

Oyèbánjí fi ife omi bo ojú. Bàbá Gbádéyan wò ó, ó wo Ìyé, ó sì gbé obì ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Tòun ti àpò náà ló fẹ́ ẹ?"

"Méjì ló fẹ́, Bàbá. Ó ní kí wọ́n jìn."

Bàbá arúgbó náà mi orí títí, ẹ̀rín sì bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu láìròtẹ́lẹ̀. Ó ní ó dáa, òun ti gbọ́, kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kí ìyàwó òun mọ̀ pé òun ti gbọ́.

Adédùntán wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àlejò lọ tán, Ìyé pè é sí ẹ̀yìnkùlé. Òwú tuntun ti wà lórí òfì, wọn kò tíì hun ju ìbú ọwọ́ kan lọ.

"Jókòó," Ìyé wí. "Níbo lo máa ń gé? Fi hàn mí, kí n má fi ọnà sí ibi tí irin máa gbà kọjá."

Adédùntán jókòó, ó ń wo òwú náà.

"Mo ní fi hàn mí! Gbogbo ọnà tí mo ṣe sí èyí àkọ́kọ́, ìdajì rẹ̀ lo sọ di èérún. Ìyẹn ló dùn mí jù."

Adédùntán na ìka mọ́ òwú náà. "Èjìká rèé, Ìyé. Ìbàdí á bọ́ síbí."

"Ẹnu àpò ńkọ́?"

"Ibí yìí."

"Màá fi pupa sí i," Ìyé wí, ó sì fà á mọ́ra, "kí wọ́n lè rí i dáadáa."

Súkúù kò tíì wọlé nígbà tí Isaiah dé. Kò gbé ṣòkòtò kankan dání lọ́tẹ̀ yìí. Ó dúró síwájú ẹ̀rọ, ó bọ́ fìlà.

"Mo rojọ́ rẹ fún ìyá mi," ló wí. "Mo rò ó tán, ó ní, 'Isaiah, ibo ni mo jókòó sí tí mo fi ta epo tí mo fi rán ọ lọ sí súkúù?' Mo ní ẹ̀bàá ọjà ni." Ó gbé fìlà náà láti ọwọ́ kan sí ìkejì. "Adédùntán, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe ọkọ irú obìnrin bíi tìrẹ. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"N kò ní fi ẹ̀rọ sílẹ̀, Tíṣà."

"Mo gbọ́."

"N kò sì ní máa tọrọ ààyè kí n tó wọ aṣọ."

"Ìyẹn náà, mo gbọ́."

"Tíṣà, kọ ọ́ sílẹ̀ o!" Thomas ké láti ẹ̀yìn. "Kí o má lọ sọ pé o kò gbọ́ ọ dáadáa!"

Adédùntán bú sẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ bó ṣe ti pẹ́ tó tó ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn.

Ìgbà iṣu tuntun ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Thomas fi ẹ̀rọ àtijọ́ rẹ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ta Adédùntán lọ́rẹ. Awakọ̀ tó gbé wọn lọ sílé ọkọ fẹ́ jù ú sáàárín àwọn iṣu lẹ́yìn lọ́rì, Isaiah kọ̀, ó gbé e lé itan láti Kàbà títí dé Ìsánlú, gbogbo gbágungbàgun ojú ọ̀nà sì ń dún lórí orúnkún rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, àwọn obìnrin ilé tó ń kọrin pàdé ìyàwó rí ọkọ ìyàwó tó ru ẹ̀rọ ìránṣọ sórí, wọn kò mọ èyí tí wọ́n máa kọrin fún.

Ìyá Isaiah, obìnrin kúkúrú tó sanra, la àárín wọn kọjá. Wọn kò tíì bu omi fún ìyàwó mu, wọn kò tíì sọ pé kó jókòó. Ó dúró síwájú Adédùntán, ó wo gáùn rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó sì na apá méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ gbọọrọ.

"Ìyàwó mi," ó ní, "téèpù rẹ dà? Wá wọ̀n mí."