Mítà Tó Ń Ṣọ́ Àlàájà

Àlàájà Àbẹ̀ḿbí ṣubú sí ẹ̀yìnkùlé ilé rẹ̀ ní Mọníyà ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan, kò sì lè dìde, ṣùgbọ́n Láwùmí ọmọ rẹ̀ jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní Dùgbẹ̀, ó ń wo fóònù, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kò séwu.

Láti ìgbà tí bàbá Láwùmí ti kú ló ti ń bẹ ìyá rẹ̀ pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ àwọn ní Akobo. Àlàájà kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun àti ọkọ òun làwọn jọ po yẹ̀pẹ̀ ilé òun, inú rẹ̀ ni wọn yóò ti gbé òun jáde.

"Màámi, ẹ̀yin nìkan lẹ wà níbẹ̀. Bí nǹkan bá ṣe yín ńkọ́?"

"Nǹkan kan ò ní ṣe mí. Ṣàmín."

Ni Láwùmí bá sanwó kí wọ́n pààrọ̀ mítà ilé náà sí irú tuntun tó ń fi iye iná tí ilé ń lò ránṣẹ́ sórí fóònù. Ọkùnrin tó wá so ó mọ́ ògiri sọ̀rọ̀ dídùn títí, ó ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ni òun ń tà. Irọ́ ni. Mítà ló ń tà, iná nìkan ni mítà sì ń kà.

Láwùmí kọ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ìlà kan ló ń lọ lójú fóònù bí wákàtí ṣe ń lọ. Bí ó bá yọ ṣóńṣó ní ìdájí, Àlàájà ti ki kẹ́tùlù bọ iná, ó ń se omi àlùwàlá. Bí ó bá ga díẹ̀ lọ́sàn-án, tẹlifíṣọ̀n ni. Bí iná bá lọ, fóònù á sọ ọ́, ìyẹn kò bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí iná wà, kí ìlà sì wálẹ̀ pátápátá. Àlàájà kì í sì í fi iná ṣòfò. Bí ó bá ti fẹ́ jókòó síta, á pa gbogbo rẹ̀, títí kan fíríìjì.

Láwùmí á pè é, Àlàájà ò ní gbọ́. Láwùmí á bọ́ sínú ọkọ̀, á gba Sángo, á gba Òjòó, á dé Mọníyà pẹ̀lú òógùn, á bá ìyá rẹ̀ lórí ẹní tó ń ṣa ẹ̀wà.

"Ta ló kú?"

"Màámi, iná ilé yín ló wálẹ̀."

"Mo wà níta. Oòrùn náà wà níta. Kí ni n ó wá tan iná sí?"

Nílé ńkọ́? Olúsọjí ọkọ Láwùmí ò rójú jẹun. "Láwùmí, Màmá ń wo tẹlifíṣọ̀n, ìwọ ń wo Màmá. Ta ló ń wo ọbẹ̀ tó ń jóná yìí?"

Á gbé fóònù sílẹ̀. Kò ní pẹ́ tí á tún gbé e.

Ọjọ́ tí wọ́n já ilẹ̀kùn ni ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Àlàájà lọ sí àsàlátù, ìlà wálẹ̀, Láwùmí sáré dé, ó kan ilẹ̀kùn títí, ó sì pe àwọn ọkùnrin àdúgbò pé kí wọ́n já a. Ìgbà tí Àlàájà máa padà dé, ilẹ̀kùn ti wà nílẹ̀, ìdajì àdúgbò sì ti wà ní pálọ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó o. Ṣé ẹ ti pín ogún mi tán?"

Ojú ti Láwùmí, ìtìjú náà sì di ìbínú. "Màámi, bí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, Akobo là ń lọ. Mi ò ní bẹ̀ yín mọ́."

Àlàájà mọ̀ pé kò ṣeré. Nígbà tí Láwùmí lọ tán, ó bọ́ síwájú ilé lọ bá Ramlah, aránṣọ tó háyà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

"Ramlah, kí ni mo lè ṣe fún ọmọ yìí kó fi mí sílẹ̀ nínú ilé mi?"

"Màmá, ṣebí iná ni wọ́n ń wò? Ẹ tan iná sílẹ̀ fún wọn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni fáànù pálọ̀ àti gílóòbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru, yálà Àlàájà wà nílé tàbí kò sí. Ìlà kò wálẹ̀ mọ́. Láwùmí bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Lọ́jọ́ Ẹtì yẹn, iná kò lọ rárá. Láwùmí wo ìlà láàárọ̀, ó ga, ó sì tẹ́ gbọọrọ. Ó ní, "Ara Màámi yá." Síbẹ̀ ara rẹ̀ kò balẹ̀. Ó to fáìlì jọ, ó tú u ká. Ó dìde, ó jókòó. Àwọn tó lọ kírun Jímọ́ọ̀ ti ń padà sí ọ́fíìsì nígbà tó tún gbé fóònù, tó sì fa ìlà náà padà sí ìdájí.

Kẹ́tùlù kò gòkè. Ó ti rí i láàárọ̀, ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá gáàsì ni Màámi lò. Ó wo ọ̀sán, kò sí tẹlifíṣọ̀n. Ìlà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò gòkè, kò sọ̀. Fáànù kì í ṣe àlùwàlá. Ẹni tó wà láàyè kì í lo iná báyẹn.

Ó pe ìyá rẹ̀, kò gbé e. Ó pe Ramlah.

"Ẹ kú ọ̀sán, Àǹtí. Màmá wà ńlé, mò ń gbọ́ fáànù wọn."

"Ramlah, ṣé o ti fojú rí wọn lónìí?"

"Rárá o. Mo rò pé wọ́n ń sinmi ni."

"Gba ẹ̀yìnkùlé! Sáré!"

Láwùmí gbọ́ ẹsẹ̀ Ramlah, ó gbọ́ géètì, lẹ́yìn náà ló gbọ́ igbe.

Ẹ̀gbẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi ni Àlàájà wà. Ó fẹ́ bu omi sí kẹ́tùlù ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Ó ti kígbe títí ohùn rẹ̀ fi há, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìránṣọ Ramlah ń ké níwájú ilé, fáànù ń ké nínú ilé.

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní egungun ìbàdí rẹ̀ ti ṣẹ́, pé ilẹ̀ tó sùn láti ìdájí sì ti dá kún un. Láwùmí di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ ń tan iná sílẹ̀?"

"Kí o má baà kó mi lọ ni."

Ẹsẹ̀ náà kò gbé e mọ́. Láti orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni wọ́n ti gbé e lọ tààrà sí Akobo. Kí ọdún tó yí, wọ́n ti fi ilé Mọníyà háyà fún tọkọtaya kan. Àlàájà Àbẹ̀ḿbí kò dágbére fún ilé náà.