Obìnrin Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìyàwó Òkè

"Gbé ọrùn sókè, kí n bá ọ de bọ́tìnnì yìí," ìyá ọkọ rẹ̀ wí. "Aṣọ dúdú ni wọ́n mọ ìyàwó òkè mọ́."

Obìnrin aránṣọ náà gbé ọrùn sókè. Ọdọọdún ni ọkọ̀ iléeṣẹ́ àwọn awọnlẹ̀ ń wá gbé e, kí ó lè sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun bí òkè kan tó jìnnà réré, tí ẹnikẹ́ni kì í gbé nítòsí rẹ̀, ṣe gba orúkọ ọkọ rẹ̀. Àṣà wọn ni pé bí òkè kan kò bá lórúkọ, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ dé orí rẹ̀ ni wọ́n máa fi sọ ọ́. Ọkọ rẹ̀ gbé e débẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e bá ẹ̀rọ náà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn ò rí òun fúnra rẹ̀ títí dòní. Arìnmárẹ̀ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sì ṣe kọ ọ́ sórí máàpù: Òkè Arìnmárẹ̀.

Láti ìgbà náà ni obìnrin yìí kò ti ní ara rẹ̀ mọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín lójú pópó, wọn a ní ẹ wo ìyàwó òkè. Gbẹ́nàgbẹ́nà tó múlé ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Lọ́la ni ọkùnrin náà ń kó lọ sí ìlú mìíràn, ó sì ń retí èsì. Ó wu aránṣọ kó bá a lọ, ó wù ú gan-an ni.

"Màmá, ọ̀rọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn..."

"Ọkọ tìrẹ wà lórí máàpù," ìyá wí. "Níbo ni òun wà?"

Ní iléeṣẹ́, níbi tí ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó sí láàárín àwọn èèyàn, ọ̀gá àgbà gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà bó ṣe máa ń sọ ọ́. Kò ì tíì jìnnà tí ọmọbìnrin kan láàárín àwọn tuntun na ọwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ọkọ yín sọ fún yín kí wọ́n tó lọ?"

Ẹnikẹ́ni ò bi í léèrè bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó ní orúnkún ń ro òun," ló sọ. "Ó bẹ̀ wọ́n níbí kí wọ́n rán ẹlòmíràn. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ó lè rẹ Arìnmárẹ̀ ni. Ojú tì í, ó bá lọ."

Ọ̀gá àgbà wúkọ́, ó sì rọra gba gbohùngbohùn. Ìwọ̀nba èèyàn ló pàtẹ́wọ́.

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn padà sílé, ìyá ọkọ rẹ̀ kọjú sí fèrèsé. Aránṣọ mọ̀ pé ilé ò ní í gba àwọn méjèèjì lónìí.

"Ó sọ ti orúnkún yẹn fún èmi náà," ìyá wí.

Aránṣọ wò ó. Ó na ọwọ́ kan èjìká awakọ̀.

"Ẹ bá mi dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù gbẹ́nàgbẹ́nà."

Ọkọ̀ dúró. Ìyá ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kí ìyàwó lè ráyè bọ́ sílẹ̀.