Ìlà Ẹsẹ̀ Bàbá

Gílóòbù kékeré náà tàn, Mùsílíù sì tẹ irin mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pa aáyán.

"Haba, Ọláwándé," ni ó wí, ẹ̀rín ń pa á. "Bí wọ́n bá torí ẹsẹ̀ mi gbà ọ́ sí yunifásítì, èmi ni kí wọ́n fún ní oyè náà."

Ọláwándé bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bébà tí ó tẹ́ sórí gírámafóònù àtijọ́ ni ó ń wò bí ó ti ń yí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó to ẹ̀rọ náà sí pálọ̀ ilé wọn ní àdúgbò Ali Kazaure níhà àríwá: bátìrì mọ́tò, wáyà tí ó wé mọ́ ìṣó ńlá, pẹ́ńsù kan, àti irin ìfẹsẹ̀tẹ̀ tí ó tú lára ẹ̀rọ ìránṣọ olóògbé ìyá rẹ̀. Bí gílóòbù bá tàn, ìṣó á fa pẹ́ńsù wálẹ̀ sórí bébà. Bí èèyàn bá tẹ irin, iná á já, sípírínì á sì gbé pẹ́ńsù sókè. Ìlà tí ó bá kù lórí bébà ni àkókò tí ó wà láàrin ìgbà tí ojú rí iná àti ìgbà tí ẹsẹ̀ tẹ irin. Ó lè wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ó fẹ́ gba oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá. Lọ́jọ́ Ajé ni yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìbàdàn. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ti ní kí ẹni tí ó bá ń wá àyè mú ìwádìí tí ó dá ṣe wá. Ìlà àwọn ọ̀dọ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ti àgbàlagbà ni kò ní.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi jókòó díẹ̀."

Bàbá Bámgbóṣé, tí ó bí i, bọ́ bàtà, ó gbé ẹsẹ̀ sórí irin náà. "Bíi bíréèkì?"

"Bíi bíréèkì gan-an ni, sà."

Ilé iṣẹ́ ìwakùsà kan ni ó ti wa ọkọ̀ akẹ́rù nígbà èwe rẹ̀, títí di ọjọ́ tí Adégbénró ọ̀rẹ́ rẹ̀ kú síwájú ọkọ̀ náà. Bákan náà ni ó máa ń sọ ọ́: "Bí mo ṣe rí i ni ẹsẹ̀ mi balẹ̀. Bíréèkì ni kò mú." Tí ìrántí náà kò bá jẹ́ kí oúnjẹ lọ, ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń fi tu ara rẹ̀ nínú, á sì padà sídìí oúnjẹ. Ọláwándé ti gbọ́ ọ láti kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí kì í gbọ́ ọ mọ́.

Gílóòbù tàn. Bàbá tẹ irin.

Ọláwándé ṣí bébà, inú rẹ̀ ń dùn. "Ó ṣiṣẹ́, Bàbá. Ẹ wò ó, ti Mùsílíù rèé. Tiyín gùn tó méjì rẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ kí ó rí gan-an nìyí."

Bàbá gba bébà náà, ó gbé e lọ sójú fèrèsé.

"Ibí ni iná ti tàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ibí ni ẹsẹ̀ mi wá balẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Bàbá fi ìka tọ ìlà náà díẹ̀díẹ̀ dé ìparí. "Mo rò pé lẹ́ẹ̀kan náà ni," ni ó wí. "Nínú ibí yìí ni Adégbénró wà."

Ẹ̀rín Mùsílíù ti tán. Ọláwándé ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ohun tí ó ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yára sọ̀rọ̀: ọjọ́ orí ni ó ń mú kí ìlà gùn, Bàbá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà náà, kò sí ẹni tí kì í ní ìlà rárá. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Kó tó gbé irin síwájú bàbá rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ti sọ ọ́.

"To, ó dáa," ni Bàbá wí. "Mo ti gbọ́. Fi tèmi sáàrin àwọn yòókù. Ìwádìí ni."

Ọláwándé já wáyà kúrò lórí bátìrì, ó sì sin Mùsílíù dé ẹnu ọ̀nà. "Sai an jima," ni Mùsílíù fi dágbére fún un.

Bí Ọláwándé ti ń padà bọ̀, ó gbọ́ ìró irin láti inú pálọ̀. Bàbá ti padà sórí àga. Gírámafóònù ti dúró. Bàbá tẹjú mọ́ gílóòbù tí kò tàn náà, ó gbé ẹsẹ̀ sókè, ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún gbé e sókè.

Ọláwándé dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ ń wá wáyà tí ó lè já, kí Bàbá lè dáwọ́ dúró. Ó ti já gbogbo rẹ̀.