Ẹ̀rọ Tó Dákẹ́ Lórí Ajue

Láti ìgbà tí ẹ̀rọ apèrò ti dé gáréèjì wa ní Ore ni èmi Kàsímù, awakọ̀ tó ń gbé èrò lọ sí ìlú Ajue, kò ti rí èrò gbé mọ́. Tẹ́lẹ̀, agbèrò ló ń fẹnu pe ọkọ̀. Ní báyìí, akọ̀wé á tẹ orúkọ ìlú sínú kọ̀ǹpútà, ohùn obìnrin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ á jáde nínú sípíkà: “Benin rèé o! Oǹdó rèé o!” Èrò á sì rọ́ lọ bá wọn. Èmi wà nínú ọkọ̀, mò ń lé eṣinṣin.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Alága Màmúdù wá bá mi.

“Kàsímù, bí ọkọ̀ rẹ ò bá kún kí a tó lọ kírun, màá fi àyè Ajue fún àwọn ọlọ́kọ̀ Èkó.”

Mo wá Rodiyat lọ, àbúrò ìyàwó mi, torí òun ló kọ ètò tí ẹ̀rọ náà ń tẹ̀ lé. Ó wo kọ̀ǹpútà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Bọ̀ọ̀dá, mo gbàgbé láti gba ohùn Ajue sílẹ̀!”

“Kí ló dé tí ẹ̀rọ ò sọ?”

“Èmi ni mo ní kó má sọ. Bí nǹkan bá kù díẹ̀ káàtó, kó dákẹ́, kó máa báṣẹ́ lọ, kí n má baà tẹ́ lójú Alága.”

“Èmi wá ni kí n tẹ́? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́!”

“Tépù dúdú tí ẹ̀yin náà fi bo iná ìkìlọ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ yín ńkọ́?”

Mo sún àga fún un síwájú kọ̀ǹpútà.

Ó tún ètò náà kọ. Ó ní bí ẹ̀rọ bá tún pàdé ohun tí kò ní, kó dúró gbọin, kó máa ké títí èèyàn á fi dá sí i. Ó kìlọ̀ fún akọ̀wé kó má tíì tẹ Ajue, ó sì sáré lọ síbi tí ariwo ò sí, kó lọ gba ohùn sílẹ̀.

Akọ̀wé tẹ Ajue.

“Ẹ gbà mí o! Mi ò rí ohùn Ajue! Ajue dà? Ajue dà?”

Ohùn ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni, bíi ti ẹni tí imú rẹ̀ dí. Kò pe Benin mọ́, kò pe Oǹdó mọ́. Àwọn awakọ̀ ń ṣépè. Alága jáde tòun ti búútà àlùwàlá lọ́wọ́.

Ni ìyá kan tó ń bá ọlọ́kadà nájà bá gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. “Ṣé ọkọ̀ Ajue ṣì wà ni?” Ó wọlé. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Kí n tó rí kọ́kọ́rọ́ mi, ọkọ̀ ti kún fọ́fọ́. Ayọ̀ mi ò lẹ́gbẹ́.

Rodiyat sáré dé, ó ń mí hẹlẹ. “Mo ti gbà á sílẹ̀!”

“Má kánjú o!” ni mo ké lójú fèrèsé.

Ìyá alápẹ̀rẹ̀, tó jókòó níwájú, nawọ́ sí tépù dúdú ojú dáṣíbọ́ọ̀dù. “Kí lèyí?”

Ojú tì mí. Mo ya á kúrò, mo yí kọ́kọ́rọ́. Iná pupa tàn yòò. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: omi lásán ni ọkọ̀ ti ń tọrọ lọ́wọ́ mi látọjọ́ yìí.